Fìtílà Mẹ́tàlélógún

Àmì dúdú kan wà ní ètè ìsàlẹ̀ bàbá mi àgbà, kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Àwọn ará ìjọ wa ní Diobu, ní Port Harcourt, rò pé sìgá ló fà á. Alàgbà kan tilẹ̀ pè é sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó bá a wí pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, Alàgbà, mo gbọ́," ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ sílé. Bàbá kò fa sìgá rí. Ohun tó ń ṣe ni pé, bó bá ti fi òjé gbígbóná jó wáyà mọ́ bátìrì tán, á gbé bátìrì náà kan ètè rẹ̀, kó lè mọ bí ooru tó wọnú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èyí tó bá gbóná jù, inú garawa iyanrìn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló ń jù ú sí, kò sì ní lò ó mọ́ láé. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kúkú fi ọwọ́ kàn án. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún mi wò, ó yi bí awọ bàtà. Ó ní, "Ọwọ́ yìí ti ń parọ́ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ètè mi ni kò tíì kọ́ irọ́."

Èmi ni mo kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí wọ́n kà níbi ìsìnkú, nítorí wọ́n ní èmi ni mo kàwé jù nílé. Ojú ìwé kan ààbọ̀ ni. Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí i wà níbẹ̀, bó ṣe dé Port Harcourt ní ọ̀dọ́mọkùnrin wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ pé síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kà á, ilẹ̀ ni mo ń wò. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oyigbo kò sí níbẹ̀, èmi ni mo sì yọ ọ́, nítorí pé ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun mi kò ti gún mọ́. Àyà mi á máa já láìsí ìdí, tàbí kí n sọ pé ìdí wà, mo kàn ń sá fún un ni. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé ọkàn mi jù. Bàbá kì í ní sùúrù fún èyí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Àjíkẹ́, o ti sọ bó ṣe dùn ọ́. Wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ọdún 1999 ni wọ́n bí mi. Nígbà yẹn, rédíò ni Bàbá ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ènìyàn mẹ́ta kò lè jókòó sí kí orúnkún wọn má kanra. Nígbà tó yá, rédíò tán lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, fìtílà alábátìrì dé, lẹ́yìn náà ni bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ó kọ́ èyí fúnra rẹ̀ nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí ènìyàn bá la irú bátìrì bẹ́ẹ̀, á rí àwọn kéékèèké kan nínú rẹ̀ tí wọ́n rí gbọọrọ, tí wọ́n sì nípọn tó àtàǹpàkò. Ọmọ bátìrì ni Bàbá ń pè wọ́n. Á ṣa àwọn tó ṣì ní ẹ̀mí nínú òkú bátìrì méjì tàbí mẹ́ta, á so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan tó jí. Lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ni irin pẹlẹbẹ kan wà, tó fẹ́lẹ́ bí ewé. Bàbá ń pè é ní ahọ́n. Ahọ́n yìí nìkan ni òjé gbọ́dọ̀ kàn. Bí ènìyàn bá gbé áyọ́ọ̀nù, ìyẹn irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń yọ́ òjé, lé ara ọmọ bátìrì gan-an, ooru á ba inú rẹ̀ jẹ́, ó sì lè gbiná.

Nítorí náà, Bàbá máa ń ka iye. Á fi abẹ há ahọ́n náà títí á fi máa dán, á fi oògùn tó ń jẹ́ kí òjé mú pa á, á wá gbé áyọ́ọ̀nù lé e: ení, èjì, ó ti gbé e kúrò. Lẹ́yìn tí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mo máa ń bá a kà á. Lọ́jọ́ kan òjé náà kò mú. Mo rí i pé ó kù díẹ̀ péré kó mú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, ni mo bá fi ẹ̀ta kún un. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí mo jí nǹkan rẹ̀. Ó ní, "Kò sí ẹ̀ta nínú iṣẹ́ yìí."

Bàbá mi tó bí mi lọ́mọ kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Ilé iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi ló ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì wọn ló ń gbé e láràárọ̀, ojú sì máa ń tì í bí àwọn tí wọ́n jọ wà nínú bọ́ọ̀sì bá ń juwọ́ sí arúgbó tó jókòó sáàárín wáyà àti òkú fìtílà. Wọ́n jà lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí mo rántí jù ni ti ọjọ́ tí ikọ́ kò jẹ́ kí Bàbá jẹun tán.

"Bàbá, èéfín òjé yìí ń pa yín. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Bàbá. Ẹ tún ń bi mí!"

"Ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Àwọn ẹbí."

"Àwọn ẹbí tí mo mọ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn tó kù, wọn á ní kí n wá dá owó ẹgbẹ́."

Màmá mi rẹ́rìn-ín, bàbá mi kò rín. Bàbá fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Àjò tó bá ti gbó, ilé ni."

Síbẹ̀, nínú ilé, Yorùbá nìkan ni. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, Pidgin ló sì kọ́kọ́ yọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi bá a sọ̀rọ̀, á ṣe bí ẹni pé òjò ló ń rọ̀ síta. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà kan sí i ní Yorùbá, èmi tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà! Á fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ibi tí mo bá ti gbàgbé àmì ohùn. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Òun ló jẹ́ kí n lè kọ èyí.

Kì í ṣe pé kò gbọ́ Pidgin. Ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni wọ́n ń torí ẹ̀ wá jókòó. Ọmọkùnrin kan bi í lọ́jọ́ kan pé, "Baba Yoruba, this battery go last so?"

"E go last pass your marriage."

"Ah-ah, Baba! I never marry o."

"Na why I talk am."

Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá kò ní fi Pidgin kọ nǹkan kan láé. Standard Six ló kà, kíkọ Yorùbá rẹ̀ mọ́ bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àṣìṣe lọ́wọ́ òun. Ó ní, "Èmi kì í kọ ohun tí mi ò lè mọ ibi tí mo ti ṣì í."

Mo wá dé ibi tó ń bà mí lẹ́rù.

Kò sí bátìrì tó jáde lọ́wọ́ Bàbá tí kò ní ìwé nínú. Kó tó bò ó, á kọ ọ̀rọ̀ kan sórí páálí tẹ́ẹ́rẹ́, á tẹ̀ ẹ́ sí inú rẹ̀, bíi "Ọmọ kẹrin ti ń rẹ̀" tàbí "Wáyà pupa yìí gbó, pààrọ̀ rẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí, nítorí òun náà ni wọ́n á gbé e padà wá bá. Ó ní bátìrì kò lẹ́nu, ẹni tó ṣe é ló yẹ kó bá a sọ̀rọ̀.

Ọdún tí mo jáde ní yunifásítì, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú fìtílà kan wá, tó láwọ̀ ewé, tí ikùn rẹ̀ há. Bátìrì tó bá a wá ti kú. Bàbá fi ọmọ bátìrì rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn fìtílà náà kò gbà kí wọ́n sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó tò wọ́n ní òkè àti ìsàlẹ̀. Ahọ́n ti ìsàlẹ̀ wá ní láti ká gba orí ti òkè kọjá, páálí líle kan ló sì wà láàárín wọn. Bí páálí yẹn bá wà ní ipò rẹ̀, kò séwu. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí, páálí á jó, irin méjèèjì á kanra, iná á sì tú jáde sí ojú ẹni náà. Bàbá mọ èyí. Ó wá ọ̀nà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò rí. Mẹ́tàlélógún ni fìtílà náà, ó sì kọ orúkọ olówó kọ̀ọ̀kan àti àdúgbò rẹ̀ sínú ìwé kan.

Ó mú páálí àkọ́kọ́ tó fẹ́ tẹ̀ sórí ibẹ̀ àti bírò wá bá mi ní pálọ̀. Mo ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ lórí fóònù mi, ó tó ogójì tí mo ti fi ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

"Àjíkẹ́, bá mi kọ èyí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níta."

"Kí ni, Bàbá?"

"Pé kí wọ́n má gbé irin gbígbóná síbí, iná wà lábẹ́ rẹ̀. Fi Pidgin kọ ọ́ kó yé wọn."

"Ta ló máa ṣí i, Bàbá, bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá."

"Fìtílà máa ń rìn jìnnà ju ẹni tó ṣe é lọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá dọ̀la."

Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ fóònù mi, mi ò gbé ojú sókè. Ní ọjọ́ kejì kò béèrè mọ́, èmi náà kò sì rán an létí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Mo lè sọ pé ẹ̀rù àìríṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn, òótọ́ sì ni. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀ pé ó lè burú tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Ó sọ fún mi pé iná wà lábẹ́ rẹ̀.

Blessing ni orúkọ obìnrin tí ọ̀rọ̀ Oyigbo náà kàn. Oyigbo ló ń gbé, ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló kọ́ ọ níṣẹ́ títún rédíò àti fìtílà ṣe, iwájú ilé rẹ̀ ló sì ti ń ṣe é. Aládùúgbò rẹ̀ kan gbé ọ̀kan nínú fìtílà wọ̀nyẹn wá bá a pé wáyà kan já. Ó ṣí i. Iná náà tú sí i lójú. Ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́, àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì jó lẹ̀ mọ́ra.

Bàbá máa ń fi ọ̀dà pupa kán sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ti Diobu ni. Nígbà tí ìròyìn dé, bàbá mi ní kó má lọ, pé kí àwọn kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Bàbá ti ń di okùn bàtà rẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé e.

Blessing dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn, ìdajì ojú rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Bàbá dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Madam, na me repair that lamp."

Ó yí orí sí i. "Na you be Baba Diobu?"

"Na me. You no see the paper wey I put?"

"I see am, Baba. I think say na prayer. My own pastor dey write Psalm put for my shop. I say make I no tear person prayer. I put the wire for on top am, I press iron."

Bàbá wá ibi tó máa jókòó sí, kò rí, ó jókòó sílẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, lórí sìmẹ́ńtì.

Bí mo ṣe ń rò ó báyìí, ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀wọ̀ ló ṣe é lọ́ṣẹ́. Ẹlòmíràn tí kò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run ì bá ti ya páálí náà dànù, á sì rí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àbúrò Blessing, Sunday, wọlé bá wa níbẹ̀. Ó di páálí náà mọ́ inú ọ̀rá, etí páálí náà ti jó. "So na you! Na una Yoruba juju burn my sister! Oya, read am. Make everybody hear wetin you write."

Àwọn aláìsàn yíjú sí wa. Nọ́ọ̀sì kan ní kó rọra. Bàbá gba ọ̀rá náà, ó kà á ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì: "No carry hot iron put for here. Fire dey under am."

Sunday pàtẹ́wọ́. "Una hear am? Una hear am? E write am with him own hand say fire dey there!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó ṣàlàyé pé ìkìlọ̀ ni. Bàbá di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Dákẹ́. Jẹ́ kó bínú." A jáde dé ẹnu géètì. Níbẹ̀ ló dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá gbọ́, kò yàtọ̀ sí èpè."

Ọjọ́ kejì ló mú ìwé tó kọ orúkọ sí. Fìtílà méjìlélógún ló ṣì wà níta. Ó ní òun máa rí gbogbo wọn. Ohun tó ṣe ní oṣù mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá béèrè irú ènìyàn tó jẹ́ mọ̀. A lọ sí Oyigbo, a lọ sí Eleme, a wọ àwọn ọ̀nà ẹrẹ̀ tí kéké kò lè wọ̀. Á kan ilẹ̀kùn, á kí wọn, á ní, "Na me repair your lamp. I make mistake." Àwọn kan gbé e fún un. Àwọn kan lé wa. Àwọn ọ̀dọ́ ní ìlà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Baba Bomb, oníbàárà kò sì wá mọ́. Á kí wọn bó ṣe ń kí wọn tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá gbà, Bàbá á ṣí fìtílà náà níwájú rẹ̀, á fi páálí mìíràn kún èyí tó wà níbẹ̀, èmi á wá kọ ìkìlọ̀ náà ní Pidgin sórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni Blessing wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rí ọ̀kan nínú àwọn fìtílà náà lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Oyigbo, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé e wá. Ó jókòó lórí àpótí, ó fi ojú kan wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ara ló ń ro ó.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún Bàbá. Inú bọ́ọ̀sì ni a wà, a ń bọ̀ láti Eleme, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi fífọ ẹja sí wa lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ọjọ́ tí ẹ ní kí n bá yín kọ ọ́..."

"Ọwọ́ ta ló kọ ohun tó wà lórí páálí?"

"Tiyín ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n..."

"Ọwọ́ ta ló jó ahọ́n yẹn pọ̀?"

"Tiyín ni."

Ó yíjú sí fèrèsé. "Ẹni tó bá jó o ló ni ín."

Mo sunkún débi pé obìnrin tó jókòó tì wá fún mi ní áńkáṣíìfù. Mo rò nígbà náà pé ẹ̀kún ìbànújẹ́ ni. Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà, ìtura sì wà nínú rẹ̀. Ó ti gbé e kúrò lórí mi, mo sì jẹ́ kó gbé e.

Ọyẹ́ dé, èérú dúdú tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run ìlú yìí dé pẹ̀lú rẹ̀, ikọ́ Bàbá wá di ohun tí a ń gbọ́ láti ojú títì. Kò lè jáde mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó pè mí sẹ́bàá ibùsùn.

"Ó ku mélòó?"

"Ọ̀kan, Bàbá. Ti ìyá ẹlẹ́ja, ní Alesa. Wọ́n ní ó ti kó kúrò nílé tó wà."

"Ọ̀kan."

"Bàbá, méjìlélógún ló wà níta, a ti rí mọ́kànlélógún. Ẹ ti gbìyànjú."

Ó fi ojú wá mi títí ó fi rí mi. "Ọ̀kan náà ló ń jó ilé," ó ní. Kò tún bá mi sọ ohun tó ní láárí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Omi ló ń béèrè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí Alesa ní Sátidé mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan júwe ilé kan lẹ́yìn ọjà fún mi. Ìyá náà jókòó ti ààrò, ó ń yan ẹja. Fìtílà aláwọ̀ ewé náà wà lórí wíńdò rẹ̀. Mo sọ ohun tó gbé mi wá, mo sì fa fìtílà tuntun kan yọ nínú báàgì mi pé kí a ṣe pàṣípààrọ̀. Kò gbà.

"This one never disappoint me," ó ní. "Your grandpapa sabi work. How him body?"

"E don die, Mama."

"Ewo!" Ó gbé ẹja kúrò lórí iná. "Ewo, my pikin. Sorry."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ṣí i nìkan, ó gbà. Mo tú ìṣó oníyíyí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀. Páálí náà wà níbẹ̀. Ìkọ̀wé Bàbá ni, àmì tó wà lórí "iná" ṣe kedere bí ẹni pé àná ló fi í sí i. Mo fi páálí tuntun kún un, mo sì kọ ọ́: *No put hot iron for here. Fire dey under.* Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan. Mo rí i nígbà náà, kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan.

Ìyá náà rò pé Bàbá ni mò ń sunkún rẹ̀, ó ń rọra fọwọ́ lù mí léjìká, ó ní àgbà ti lọ sinmi. Mi ò lè jẹ́ kó máa tù mí nínú báyẹn. Mo dìde, mo wọ ọkọ̀ Oyigbo.

Blessing wà níwájú ilé rẹ̀. Tábìlì tó ti ń tún fìtílà ṣe ni ó ń ta káàdì ìpè lórí rẹ̀ báyìí, ó sì ń fi ọwọ́ òsì bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Mo sọ fún un pé mo ti rí èyí tó kù. Ó ní, "Thank God." Mo ṣì dúró.

"Aunty Blessing, e get one thing wey I never tell you."

"Talk."

Mo sọ ọ́. Páálí, bírò, fóònù, ọ̀la. Mi ò ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Kò dá ẹ̀gúsí bíbó dúró títí mo fi parí.

"I don know since," ó ní.

Mo wò ó.

"That day for Baba shop. I see as you dey write am, sharp-sharp, you no even stop to think. I say, ah. So person dey that house wey fit write am."

"Why you no talk, Aunty?"

"Baba dey there. E don carry am put for him own head. How I go take am from old man hand, give small pikin?" Ó da èèpo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀. Ó wá gbé ojú rẹ̀ kan tó kù lé mi. "But Baba don go now. So na you carry am."

Mo ní, "Yes, Aunty."